Olóríta àti Etí Erin: Àgbéyẹ̀wò Ọmọ Ìyá Méjì tí Ń Gbé Orí Igi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí ilẹ̀ Odògbolú sì rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń wo akọpẹ tó fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ àgbà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, bí ó ti ń gùn ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé ọrùn ọ̀pẹ náà, tí ó fa àáké yọ ní ìbàdí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe kó tó fọwọ́ kan ẹyìn, nígbà tí nǹkan ńlá kan já láti òkè, tí ó bọ́ lulẹ̀ gbì bí àkísà tó mu omi yó. Kì í ṣe ìdì ẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe imọ̀ ọ̀pẹ. Mo dìde lọ wò ó. Ó tó ọmọrí igbá ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ewé gbígbẹ tó to lé ara wọn bí ojú ìwé àtijọ́. Láàárín ewé àti ewé, ilẹ̀ dúdú tí ẹnì kankan kò rù gòkè wà níbẹ̀, èèrà sì ń tú jáde nínú rẹ̀ ti àwọn ti ẹyin wọn lẹ́nu. Níwájú, ewé tútù mẹ́ta rọ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là sí méjì, èjì náà sì tún là, abẹ́ wọn sì funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i.

"Ẹ má bínú o, bàbá," ni akọpẹ ké láti òkè. "Àfòmọ́ ni. Ó dí mi lọ́nà ni mo ṣe gé e."

Mo ti ṣe tíṣà bàyọ́lọ́jì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àfòmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí igbà kọ́ ni èèyàn ń bá ṣe àríyànjiyàn. Mo gbé nǹkan náà sí ibòji, mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ewéko yìí àti nípa ọmọ ìyá rẹ̀ kan, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé orí igi ní ìhà tiwa nínú ayé, tí mo sì ń bi ara mi léèrè bí nǹkan ti rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní àkókò tí à ń gé igi àgbà ju bí a ti ń gbìn ín lọ.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àfòmọ́ náà, nítorí ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀ ni a fi ń dá ewéko yìí lẹ́jọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Òótọ́ ni ti àfòmọ́ gan-an, èyí tí ẹyẹ ń gbé irúgbìn rẹ̀ tó ń fà bí àtè láti orí obì dé orí kòkó, láti orí kòkó dé orí ọsàn: kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ara igi tó gbà á lálejò, omi tí igi náà fi gbòǹgbò tirẹ̀ wá ni òun náà sì ń mu. Ohun tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èèpo igi ni gbòǹgbò rẹ̀ ń dì mú, kò wọ inú ẹran igi. Omi òjò tó ń ṣàn kọjá lára èèpo ni ó ń mu. Ewé gbígbẹ tó já láti òkè, tí ó sì jẹrà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ni oúnjẹ rẹ̀. Àlejò tó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá ni, tí kò bèèrè ju àyè ìjókòó lọ. Lóòótọ́, bó bá dàgbà tán tí òjò sì fi omi kún inú rẹ̀, ó lè wúwo débi tí yóò ṣẹ́ ẹ̀ka tí kò lágbára; àlejò tó sanra jù lè dá àga onílé náà, a kò sì torí bẹ́ẹ̀ pè é lólè.

Mo mú ewé kan nínú mẹ́ta náà lọ sí ọjà Òkè-Àjè ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi han ìyá eléwé kan tí irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàńpàkò ra abẹ́ rẹ̀ tó funfun náà títí tí àwọ̀ ewé fi hàn. "Àfòmọ́ ọ̀pẹ ni tèmi, tíṣà," ni ó wí. "Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn fún un nínú ìwé yín, ẹ wí i kí n gbọ́."

Orúkọ tó wà nínú ìwé ni Platycerium, èyí tí ó túmọ̀ sí ìwo pẹlẹbẹ ní èdè Gíríìkì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ìwo àgbọ̀nrín. Ìwo àgbọ̀nrín ilẹ̀ òyìnbó máa ń pẹ̀ka bí igi, òun ni wọ́n rò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ọdẹ ló mọ̀ pé ìwo àgbọ̀nrín tiwa lọ́ díẹ̀, ó sì mú ṣóńṣó, kò ya ẹ̀ka kankan. Bí mo bá ní kí n túmọ̀ orúkọ òyìnbó náà bó ti wà, irọ́ ni màá pa mọ́ ẹran tí àwọn baba wa ti ń pa jẹ látọjọ́ tó pẹ́. Nítorí náà, nínú àgbéyẹ̀wò yìí, Olóríta ni n ó máa pe ti orí ọ̀pẹ wa, èyí tí ìwé ń pè ní Platycerium stemaria, nítorí bí ewé rẹ̀ bá ti ń bọ̀ láti ìdí, yóò dé oríta, yóò yà sí méjì, yóò rìn síwájú díẹ̀, yóò tún dé oríta mìíràn. Ìyá eléwé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá jẹ́ olóríta ni, ẹbọ rẹ̀ dà? Òun gan-an kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá a mu tó: ní abẹ́ ewé náà, ní ibi tí ó ti là gẹ́lẹ́, ni àbàwọ́n aláwọ̀ igi kan máa ń wà nígbà tó bá gbó, ibẹ̀ ni ó ń kó ohun tí yóò di ọmọ rẹ̀ sí, tí ó ń fọ́n ká bí eruku.

Eruku ni mo wí, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ewéko tí àwọn àgbà kan ń pè ní ọ̀mù ni, ìran tí kì í tanná, tí kì í so èso, tí ẹnì kan kò sì lè rí kóró rẹ̀ ṣà. Ìbátan rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni èyí tí ewé rẹ̀ gùn bí ìyarun tí ó sì rọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ lára gbogbo ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà láti Odògbolú dé Ayépé. Ìyẹn kò ṣọ̀wọ́n, kò sì ní ìyọnu. Ibi tó bá bá kùkùté imọ̀ ọ̀pẹ àti omi díẹ̀ ni ó ń hù. Ti Olóríta le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí èèpo tó tutù, tí kò ní gbẹ kí ewé kékeré bí èékánná ìka ọwọ́ ọmọ ìkókó tó hù níbẹ̀, inú omi tó bo ewé kékeré yìí ni akọ àti abo ti ń pàdé, ìgbà náà ni Olóríta gan-an yóò tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Igi tí wọ́n ń gé ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá kò lè rí i.

Oríṣi ewé méjì ni ó ń hù, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀. Èyí tó là yẹn ni ó ń mú oòrùn jẹ tí ó sì ń bímọ. Èkejì fẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ara igi bí asà jagunjagun, etí òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ó gbọ̀n bí etí aṣọ, kí ewé tó ń já láti òkè lè máa bọ́ sí i. Ewé asà yìí kì í pẹ́ tó fi gbẹ, ṣùgbọ́n kì í já. Gbígbẹ rẹ̀ gan-an ni ìlò rẹ̀, nítorí nígbà tí òmíràn bá hù bò ó, ti àtijọ́ yóò di kànìnkànìn tí ń fa omi mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ohun tí akọpẹ gé lulẹ̀ fi ní ilẹ̀ nínú, tí èèrà sì fi sọ ọ́ di ìlú.

Ẹni tó sọ Olóríta ní stemaria nínú ìwé ni ọmọ Faransé kan, Ambroise Palisot de Beauvois, tí a bí ní ìlú Arras ní 1752, tí ó sì bá ọkọ̀ wá sí etíkun wa ní 1786, tí ó gbé ní Warri, tí ó sì dé ìlú Ọba Benin. Àìsàn lé e kúrò níbẹ̀; ó kọjá sí erékùṣù Haiti; iná tó jó ìlú Cap-Français ní 1793 sì jó púpọ̀ nínú ohun tó kó jọ níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù fún un láti Áfíríkà ló fi ṣe ìwé tó sọ lórúkọ Warri àti Benin, tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Olóríta sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ní 1827 ni ọmọ Faransé mìíràn, Desvaux, kó o sí abẹ́ orúkọ Platycerium tó ń jẹ́ dòní. Ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣágámù, tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odògbolú, tí ọkọ̀ àjàgbé ń ya ilẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, Benin kan náà ni ó ń lọ. Ewéko tí ayé mọ̀ láti ọwọ́ wa ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé wá bá wa.

Èkejì ni Platycerium elephantotis, òyìnbó kò sì ṣì í lórúkọ rárá: etí erin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Yorùbá ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin kí a sọ pé a rí erin. Ẹni tó bá rí ewéko yìí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní bèèrè ìdí orúkọ rẹ̀. Ewé rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ kò là rárá. Ó fẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀, iṣan ara rẹ̀ yọ ketekete, abẹ́ rẹ̀ sì ní ìrun wúruwùru aláwọ̀ ìpẹtà. Ibi tí Olóríta ń kó eruku tirẹ̀ sí oríta, òun ń tẹ́ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé bí ẹni tẹ́ ẹní. Georg Schweinfurth, ọmọ Jámánì tí a bí ní Riga ní 1836, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1871, ní ọdún tó dé láti ìrìn àjò ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀ àwọn Azande àti àyíká odò Bahr el Ghazal. Iná jó ìwé àti ẹrù òun náà ní ìparí 1870. Àbí kí ni ó wà láàárín iná àti àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìtàn ìdílé yìí? Nínú àwọn ìwé àtijọ́, títí kan èyí tí A. H. G. Alston kọ lórí ìran ọ̀mù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní 1959, Platycerium angolense ni orúkọ Etí Erin, nítorí náà kí ẹni tó bá pàdé orúkọ méjèèjì má rò pé ewéko mẹ́ta ni à ń sọ.

Wàyí o, ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ jù kì í ṣe ojú wọn bí kò ṣe ìwà wọn. Ọmọ ẹgàn ni Olóríta. Láti ìhà Sierra Leone, ó gba etí òkun wa kọjá sí Kámẹ́rúùnù, Gabon, ilẹ̀ Congo, ó sì dé Angola, ó wà ní erékùṣù São Tomé pẹ̀lú. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ibòji àti ọ̀rinrin ni ó ń tẹ̀ lé. Etí Erin a máa wọ inú igbó, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ọ̀dàn. Láti Ivory Coast, ó la àárín Áfíríkà kọjá dé Uganda, Kenya àti Tanzania, ó sì yí sí gúúsù dé Mozambique àti Angola, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń gùn, tí òjò kì í rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà náà, ewé rẹ̀ tó rọ̀ yóò rọ pátápátá, òmíràn yóò tilẹ̀ já, ẹni tó bá rí i yóò ní ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lẹ́yìn ewé asà, ó sùn ni, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti bọ́, ewé tuntun yóò yọ. Bí a bá fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ Olóríta, yóò kú kú ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí a bá sì ń fi omi ṣeré nítòsí Etí Erin ní ìgbà tó yẹ kó sinmi, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹrà.

Nípa ìbátan wọn, ẹ̀rí wà pé inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ní 2006, Hans-Peter Kreier àti Harald Schneider tẹ àyẹ̀wò kan jáde, tí wọ́n fi ohun àjogúnbá inú ara ewéko wọ̀nyí tọ ìran wọn; bí i méjìdínlógún ni gbogbo wọn lágbàáyé. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n rí: ti Áfíríkà òun Madagascar, ti Australia òun Java, àti ti Éṣíà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ẹsẹ̀ òkè Andes ní Peru àti Bolivia, ẹ̀ka tiwa ló bá lọ. Bí ó ti gba orí Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń jẹun nídìí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ìbátan wọn mìíràn ló tún fa ọ̀rọ̀ ní 2021: K. C. Burns, Ian Hutton àti Lara Shepherd kọ̀wé pé ní erékùṣù Lord Howe, lẹ́bàá Australia, Platycerium bifurcatum kì í dá gbé, pé wọ́n ń dì sójú kan lórí igi bí ilé oyin, tí àwọn kan ń bímọ, tí àwọn mìíràn kì í bímọ láéláé ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ewé asà wọn gba omi fún gbogbo agbo. Kí ẹni tó bá ń pe irú ewéko báyìí ní àkísà orí igi tún inú rò.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìpamọ́ ohun ẹlẹ́mìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ti ń kọ ohun tí wọ́n ń pè ní Ìwé Pupa láti 1964; àkàbà ni, èyí tí ewu kò sí fún wà ní ìsàlẹ̀, èyí tó ti parun wà ní òkè pátápátá. Ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n wọn ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí ewéko kan tàn dé. Bí ilẹ̀ náà kò bá tó 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí ibùgbé rẹ̀ sì ti já sí wẹ́wẹ́, tí ó tún ń dín kù, a lè kà á mọ́ àwọn tí ewu dojú kọ. Bí kò bá tó 5,000, ewu náà ga sí i. Bí kò bá tó 100, ó ku díẹ̀. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tó 17,000. Èyí já sí pé bí ewéko kan bá wà tó jẹ́ pé láàárín ibodè Ìdìròkò àti Ògbèrè nìkan ló mọ, kíá ni òṣùwọ̀n náà yóò kàn án. Irú wọn wà nínú ìdílé yìí: Platycerium grande kò sí níbòmíràn àfi ní ilẹ̀ Philippines, Platycerium quadridichotomum kò sì kúrò ní Madagascar. Bí ìjì kan, tàbí iná kan, tàbí ilé iṣẹ́ agégẹdú kan bá ya ibẹ̀, ó lè di ìtàn.

Ti Olóríta àti Etí Erin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, kò sì sí ẹni tó lè fi òṣùwọ̀n fífẹ̀ ilẹ̀ sọ pé wọ́n ń lọ. Ibí yìí gan-an ni èmi pẹ̀lú àwọn tó fi ọkàn balẹ̀ ti pínyà. Òṣùwọ̀n tó ń wo gbogbo Áfíríkà láti òkè kò lè rí ẹ̀yìnkùlé kankan. Bí Olóríta bá tán pátápátá ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àkàbà náà kò ní mì: ó ṣì wà ní Gabon, ó ṣì wà ní Congo. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni ẹ ń sọ fún pé ilé ṣì pọ̀ nígboro.

Ẹ jẹ́ kí a wo igbó tó kù nítòsí. Igbó ọba Omo, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí J4, ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, jẹ́ 130,500 hẹ́kítà nínú ìwé. UNESCO gbà á sínú àwọn igbó tí ayé ń fi ojú sí ní 1977. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti 1946 pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ti àáké bọ̀ kò ju 460 hẹ́kítà lọ, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èyí tó kù, wọ́n gé púpọ̀ wọ́n sì fi Gmelina dípò rẹ̀, kí a lè máa fi igi náà ṣe pépà ní Ìwópin. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wọ ibòmíràn, agégẹdú kò sì sinmi. Gmelina a máa dàgbà kíákíá, a sì máa gé e kíákíá. Èèpo rẹ̀ dán, ó sì ń bó. Kò sí ibi ìjókòó fún àlejò lórí irú igi bẹ́ẹ̀. Erin tòótọ́ ṣì ń rìn ní J4, a sì ń gbọ́ ìròyìn wọn, nítorí erin kì í kọjá kí ó má hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí agégẹdú bá bi ìrókò tàbí ọ̀gánwó àgbà kan ṣubú, tí gbogbo abúlé Olóríta tó wà lórí rẹ̀ sì bá a lọ, ta ni ó ń kọ ìyẹn sínú ìwé? Olówó igi san owó pákó. Ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ewéko yìí kò fi dandan mọ igbó ọba, pé ó wà lórí ọ̀pẹ, ó wà lórí obì, ó wà lórí kòkó àtijọ́, àti pé ọ̀pẹ tèmi gan-an jẹ́rìí. Òdodo ni, èmi náà sì rò pé oko àwọn baba wa ló pa Olóríta mọ́ fún wa láti ọjọ́ tí ẹgàn ti di ilẹ̀. Ìjẹ̀bú, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, kì í gé obì tí bàbá rẹ̀ gbìn láìnídìí. Igi tó bá sì pé ọgọ́ta ọdún ní ojú kan, àlejò yóò mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú oko bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ báyìí. Obì tó dàgbà ni à ń gé nítorí pílọ́ọ̀tì. Ọ̀pẹ ágíríìkì tí à ń gbìn rọ́pò ọ̀pẹ àgbà kúrú, a ń tún ara rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè, bó bá sì ti pé bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọn a gé e, wọn a gbin òmíràn. Ọ̀mù ẹléwé bí ìyarun yẹn yóò gbé ibẹ̀, kò sí ohun tó kàn án. Olóríta kò ní rí àyè dàgbà kó tó bímọ. Àní lára Ẹrẹdò Ṣùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó jìn tó ogún mítà níbòmíràn, ọ̀mù kéékèèké tí ń gbé ara ògiri ilẹ̀ tó tutù ló bo ibẹ̀. Kí a tó rí Olóríta níbẹ̀, a ní láti gbójú sókè wá igi ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ létí yàrà.

Ìdájọ́ tèmi ni pé àwọn méjèèjì kò sí nínú ewu kan náà. Bí ilẹ̀ wa bá ń ṣí sílẹ̀ sí i, tí oòrùn sì ń wọ ibi tí kò ti ń wọ tẹ́lẹ̀, Etí Erin mọ bí a ti ń fara da irú ayé bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pípa igi àgbà, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀. Olóríta ń jẹ ìyà méjèèjì pọ̀, igi rẹ̀ ń lọ, ọ̀rinrin rẹ̀ ń lọ. Òun sì ni a kò kà sí, nítorí pé ó wọ́pọ̀ nígbà kan. Ohun tó ṣọ̀wọ́n máa ń rí ẹni tó ń ka iye rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń dín kù kí ẹnì kan tó bèèrè rẹ̀.

Àwọn tó mọ iyì rẹ̀ wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, orí pákó ni wọ́n ń so ewéko wọ̀nyí mọ́, wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri bí àwòrán, wọ́n ń san owó gidi lé e, wọ́n sì ń jiyàn lórí iye ìgbà tó yẹ kí a bomi rin Etí Erin nígbà òtútù. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n fúnra wọn ti ń gbìn láti inú eruku rẹ̀ tàbí láti ara ọmọ tó ń hù ní gbòǹgbò rẹ̀, èmi kò sì bínú sí ìyẹn. Mo kàn ń rò ó pé ẹni tó ń sùn ní London lè mọ ewé Olóríta ju akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé ní Odògbolú. Ilẹ̀ Yúróòpù, tí oríṣi ọ̀mù àti ìbátan rẹ̀ kò ju 194 lọ nínú ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ìdá kan nínú márùn-ún ló wà nínú ewu. Bí a bá ní kí a ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín, ibi ìbẹ̀rẹ̀ wà: ilé ìkó-ewé-sí àwọn onímọ̀ igbó wà ní Ìbàdàn, níbi tí ewé gbígbẹ tí wọ́n ti ń kó láti ayé àwọn òyìnbó wà lórí pépà pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọ́n ti já a. Kí a mú orúkọ ibẹ̀, kí a padà lọ síbẹ̀, kí a gbójú sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ojú méjì àti ìwé kékeré kan lè ṣe é, kò sì gba owó ìjọba.

Èyí tí akọpẹ gé lulẹ̀, mi ò sọ ọ́ nù. Mo fi okùn ìko so ó mọ́ ara igi agbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé, ní apá ibi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé, mo sì ń wọ́n omi sí i nígbà ọyẹ́. Ewé méjì tó kù lára rẹ̀ rọ, ọ̀kan kú. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí, àfi ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn òjò kejì, tí mo rí ewé asà tuntun kan tó yọ láàárín àwọn ti àtijọ́, tútù yọ̀yọ̀, kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ, tó lẹ̀ mọ́ igi bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí akọpẹ tún padà wá, ó gun ọ̀pẹ kejì dé ọrùn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ké sí mi.

"Bàbá, ọ̀kan tún wà níbí o. Ṣé kí n gé e ni, àbí kí n dá a sí?"

Mo ní kó dá a sí.

"Á dí mi lọ́nà o. Á gbà mí lásìkò."

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, mo máa fi nǹkan lé owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí igbà rẹ̀ gba apá kejì ọ̀pẹ.